Ibn Sina: Oníṣègùn tó mọ ìwọ̀n ara, tí ara tirẹ̀ kò rí ìsinmi

 

Bí a bá ti dárúkọ Ibn Sina láàárín àwa Mùsùlùmí, kíá ni a máa ń fi í yangàn. A ó ní àwọn òyìnbó gan-an ló ń pè é ní Avicenna, a ó ní ìwé rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ìṣègùn ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí ọkùnrin náà ṣe gbé ayé, àti pé àìsàn tó ti wò sàn lára ọba ló pa òun fúnra rẹ̀ nígbà tí kò tíì pé 60 ọdún. Mo fẹ́ kí á wo apá ibẹ̀ yẹn lónìí, nítorí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìsùn pọ̀ láàárín wa, títí kan àwa tí a ń ṣe wáàsí.

Afshana ni wọ́n ti bí i, abúlé kan lẹ́bàá Bukhara, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Uzbekistan lónìí. Ọdún 980 ni, èyí tó ṣe déédéé 370 Híjírà. Abu Ali al-Husayn ọmọ Abdullah ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìlú Balkh ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni lábẹ́ àwọn ọba Samanid. Kí ọmọ náà tó ju ọmọ ọdún 10 lọ, ó ti há Àlùkùránì sórí. Bàbá rẹ̀ rán an lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ewébẹ̀ láti kọ́ ìṣirò àwọn ará Íńdíà, ó sì kọ́ fíkíhì lọ́dọ̀ àáfà kan tó ń jẹ́ Ismail az-Zahid. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ìṣègùn. Ní ọmọ ọdún 16, àwọn oníṣègùn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí ti ń wá jókòó kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni àìsùn ti wọ inú ayé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún ọmọ kéwú rẹ̀, al-Juzjani, pé fún ọdún kan ààbọ̀ gbáko, kò sí òru kan tí òun sùn mọ́jú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú u lójú, á lọ sí mọ́sálásí, á kírun, á tọrọ kí Ọlọ́hun ṣí i fún òun. Bó bá dalẹ̀, á tan àtùpà, á tún gbé ìwé. Bí oorun bá fẹ́ borí rẹ̀, á mu ife ohun mímu kan kí agbára rẹ̀ lè padà. Àwọn tó mọ èdè Lárúbáwá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè túmọ̀ sí, àwọn onímímọ̀ sì ti jiyàn lé e lórí. Ọlọ́hun ni yóò ṣírò rẹ̀. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ tiwa ni pé ọmọdékùnrin yìí ti ń fi ohun mímu lé oorun lọ kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó kún.

Ó ka ìwé Aristotle kan tó ń jẹ́ Metaphysics nígbà 40, kò yé e. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ń polówó ìwé al-Farabi fún un ní ọjà àwọn olùtàwé, ó kọ̀ ọ́, ẹni yẹn bẹ̀ ẹ́, ó sì rà á ní dirham 3. Ìwé kékeré yẹn ló la ti àkọ́kọ́ yé e. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe sàráà fún àwọn aláìní láti fi dúpẹ́.

Ọmọ nǹkan bí ọdún 17 ni nígbà tí Nuh ibn Mansur, ọba Bukhara, ṣàìsàn. Wọ́n pè é mọ́ àwọn oníṣègùn ààfin, ara ọba yá, wọ́n sì ṣí ilé ìkówèésí ọba fún un. Ibi tí ìgbádùn rẹ̀ dé nìyẹn. Kò pẹ́, ìjọba Samanid wó, bàbá rẹ̀ kú, ó sì di ẹni tó ń ti ìlú dé ìlú. Ó fi Bukhara sílẹ̀ lọ sí Gurganj, ó tún kúrò níbẹ̀, ó gba àárín aṣálẹ̀ lọ sí Jurjan nítorí ọba kan tó ń jẹ́ Qabus, tí òkìkí rẹ̀ kàn pé ó fẹ́ràn àwọn onímímọ̀. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti mú Qabus, ó sì kú sí àtìmọ́lé. Ibn Sina yà sí Dihistan, àìsàn ńlá sì gbé e dè níbẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ le díẹ̀, ó padà sí Jurjan. Ibẹ̀ ni al-Juzjani ti bá a pàdé tí kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ al-Qanun fi at-Tibb, tírà ìṣègùn rẹ̀ tó ní ìdìpọ̀ 5.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ nídìí tírà yìí. Ohun tó fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ìlera jẹ́ ìwọ̀n. Gbígbóná àti títutù, gbígbẹ àti rírin, gbogbo wọn ń bá ara wọn jà nínú ara, ibi tí wọ́n ti dọ́gba fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ń pè ní mizaj rẹ̀. Mizaj èmi kì í ṣe mizaj tìrẹ, mizaj ọmọdé kì í sì í ṣe ti arúgbó. Ó ní agbára kan wà tí Ọlọ́hun fi sínú ara láti máa ṣàkóso rẹ̀, ìránṣẹ́ agbára yìí sì ni oníṣègùn, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ó wá ka ohun tó lè da ìwọ̀n náà rú: afẹ́fẹ́, jíjẹ àti mímu, iṣẹ́ àti ìsinmi, oorun àti àìsùn, ohun tó ń dúró sínú ara àti èyí tó ń jáde. Ó fi ìṣesí ọkàn kún un. Ó ní ìbínú máa ń ti agbára inú ara síta lójijì, ìpayà máa ń fà á wọlé lójijì, ìbànújẹ́ ń fà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹni tínú ń bí fi ń pọ́n, tí ti ẹni tẹ́rù ń bà sì ń ṣì.

Ó kọ ọ̀nà kan síbẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu. Bí ìfẹ́ bá dá ẹnì kan dùbúlẹ̀ tí kò sì fẹ́ dárúkọ ẹni tó fẹ́ràn, kí oníṣègùn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú níbi tí iṣan ti ń lù, kó máa dárúkọ ènìyàn àti àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tó bá ti mú kí iṣan yẹn yí ìlù padà ni ẹni náà. Ẹnu lè purọ́, iṣan kò mọ irọ́ pa.

Ìtàn kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ó so ọmọ àgùntàn méjì mọ́lẹ̀, pé ó jẹ́ kí ọ̀kan máa rí ìkookò títí ìpayà fi pa á. Ẹ ṣọ́ra fún ìtàn yẹn. Ohun tó kọ nínú Kitab ash-Shifa, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí, ni pé àgùntàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé ọ̀tá ni ìkookò. Ó mọ̀ ọ́n láti inú wá, ara rẹ̀ á sì sá kí ó tó ronú rárá.

Òótọ́ ni pé ohun tí ó rò pé ó ń gbé ìwọ̀n náà ró kọ́ ni ìmọ̀ òde òní fi hàn. Omi ara mẹ́rin tí wọ́n gbà gbọ́ nígbà náà ti di ohun àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n fúnra rẹ̀ dúró. Walter Cannon, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ ní homeostasis, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1932. Ẹ wo ara ẹni tó gbààwẹ̀. Láti sààrì títí di ìgbà ìṣínu, kò jẹ, kò mu, síbẹ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tán, nítorí ẹ̀dọ̀ ti fi èyí tó kù lẹ́yìn oúnjẹ pamọ́, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kíndìnrín á máa ṣọ́ omi ná, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń pọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá mú, a ó làágùn. Bí òtútù bá mú, a ó gbọ̀n. Ooru inú ara á wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún un nínú wa.

Ìpayà náà ní ètò tirẹ̀. Kókó kékeré kan jókòó sórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Bí ewu bá dé, àwọn méjèèjì á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré, ẹnu á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á lọ sí ẹsẹ̀ àti apá, inú á dáwọ́ dúró lórí oúnjẹ tó ń lọ̀. Cortisol á tẹ̀ lé e, á mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lọ sókè kí agbára lè wà. Àánú Ọlọ́hun ni èyí fún ẹni tí ejò lé. Bí ejò bá ti lọ, gbogbo rẹ̀ á padà sáyè rẹ̀. Wàhálà ni ti ẹni tí ejò tirẹ̀ kì í lọ: gbèsè, ìbẹ̀rù ọ̀gá, ọkàn tí kò balẹ̀, òru tí kò ní oorun. Ara á wà lójúfò láti oṣù dé oṣù, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ṣúgà á máa ga, agbára tó ń bá àìsàn jà á máa rẹlẹ̀.

Irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Ibn Sina gbé. Ní Hamadan, inú rírun tó le ń yọ ọba Shams ad-Dawla lẹ́nu. Ibn Sina tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá, ọba sì fi í ṣe wàsírì. Àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ sí i, wọ́n kó ilé rẹ̀, wọ́n ní kí ọba pa á. Ọba kọ̀, ṣùgbọ́n ó lé e kúrò níṣẹ́. Ọjọ́ 40 ló fi sá pamọ́ sílé ọ̀rẹ́ kan. Àìsàn ọba tún dé, wọ́n wá a kàn, ọba bẹ̀ ẹ́, ó tún di wàsírì. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe lọ́sàn-án. Lálẹ́, àwọn ọmọ kéwú á péjọ, wọn á ka ash-Shifa àti al-Qanun, bí wọ́n bá parí, àwọn olórin á dé, àwo ohun mímu á tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ọba yẹn kú, ó tún sá pamọ́, ó ń kọ̀wé ní kọ̀rọ̀ sí ọba Isfahan. Àṣírí tú, wọ́n sì tì í mọ́ odi Fardajan fún oṣù 4. Ìwé ló ń kọ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ìwé tó kọ sínú ẹ̀wọ̀n yẹn dá lé inú rírun yìí kan náà. Lẹ́yìn tó jáde, ó wọ aṣọ àwọn súfí, òun àti àbúrò rẹ̀, al-Juzjani àti ẹrú méjì, wọ́n yọ́ sá lọ sí Isfahan.

Ọba Ala ad-Dawla gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di òpin ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọba bá jagun dé, ó gbọ́dọ̀ bá a dé ibẹ̀. Al-Juzjani, tó fẹ́ràn rẹ̀ bí bàbá, kò fi pamọ́ pé ọ̀gá òun kò kó ara rẹ̀ níjàánu nínú ìgbádùn ayé, àti pé èyí kún ohun tó sọ ara rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ojú ogun ni inú rírun náà ti mú un. Ó ń bẹ̀rù pé bí àwọn ọmọ ogun bá sá, òun kò ní lè bá wọn lọ, ó sì fẹ́ kí ara òun yá kíákíá. Ó ní kí wọ́n fi oògùn olómi sí òun ní ìdí ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín ọjọ́ kan. Ìfun rẹ̀ dégbò, gìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ó ní kí wọ́n fi èso ewéko kan díẹ̀ sí oògùn, oníṣègùn tó pò ó fi èyí tó pọ̀ jù sí i. Àwọn ẹrú rẹ̀ tó ti jí owó rẹ̀ kó da oògùn amúnisùn kún ohun tó ń lò, wọ́n ń retí kí ó kú kí ọ̀rọ̀ náà má bàa tú.

Wọ́n gbé e dé Isfahan, kò lè dìde dúró. Nígbà tí agbára díẹ̀ dé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọba, kò sì ṣọ́ra. Ọba ń lọ sí Hamadan, ó bá a lọ, àìsàn náà sì tún gbé e dè lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé Hamadan, ó mọ̀ pé agbára tó ń ṣàkóso ara òun ti tán. Ó fi oògùn sílẹ̀, ó ní kò sí ohun tí ìtọ́jú lè ṣe mọ́.

Àwọn onímímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Imam al-Ghazali, tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀, lòdì sí i gidi lórí ọ̀ràn 3 nínú ìmọ̀ àwọn onífalsafa. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, ó wẹ̀, ó túúbá, ó ṣe sàráà, ó dá ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn padà fún àwọn tó mọ̀, ó dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń parí Àlùkùránì ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ó kú ní Ràmàdáánì ọdún 428 Híjírà, èyí tó jẹ́ 1037. Hamadan ni wọ́n sin ín sí, ìlú tí àwọn ọmọ ogun ti fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ nígbà kan, ibojì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní.