Ole Evinrude, Ẹni Tó Fi Ẹ̀rọ Kọ́ Ìdí Ọkọ̀

Odò Ògùn ló ń ṣàn gba àárín ìhà Ifọ̀ àti ìhà Ìbàfò òun Mówè. Ẹni tó bá ti dúró létí odò yìí pẹ́ yóò ti gbọ́ igbe ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ wọn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn ọkùnrin tó sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di ohun tí mùtúmùwà ń lò ni mo gbé wá.

Ole Evinrude ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Nọ́ọ́wè ni a ti bí i ní 1877. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o lọ sí Wisconsin ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń dáko lẹ́bàá adágún. Wọ́n ní ó kan ọkọ̀ ojú omi kan ní ìkọ̀kọ̀. Bàbá rẹ̀ rí i, ó sì fi dáná. Ọmọ náà tún kan òmíràn. Ìwé díẹ̀ ló kà. Ní ọmọ ọdún 16 ó lọ sí Madison láti kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó sì ń fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ lóru.

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, Bess Cary, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní áísíkirímù wu òun. Evinrude fi àjẹ̀ tukọ̀ lọ rà á; kó tó padà dé, ó ti yọ́. Ìtàn náà dùn ju kó má ní àfikún lọ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa á.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú kan irú ẹ̀rọ yìí o. Cameron Waterman ti ń ta tirẹ̀ kí ti Evinrude tó jáde lọ́jà ní 1909. Ibi tí Evinrude ti yege ni bó ṣe to inú rẹ̀: sìlíńdà dùbúlẹ̀, kíráńkì nàró, jíà tó wà lábẹ́ omi ló sì ń darí agbára náà sí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀. Mo wo mẹkáníìkì kan ní Ìbàfò níbi tó ti ń to ògbólógbòó ẹ̀rọ kan tó tú palẹ̀. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé kíráńkì jókòó, ó so róòdù mọ́ ọn, ó fi ríǹgì sí písítìn lára, ó fi ọ́ìlì pa á, ó wá fìka fún ríǹgì náà pọ̀ kó tó ti sìlíńdà bọ̀ ọ́. Kó tó dé e pa, ó fọwọ́ yí i, ó dẹtí sílẹ̀ bóyá nǹkan ń há. Àwa tí a ń pe èyí ní iṣẹ́ aláìmọ̀wé, ara wa là ń tàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Evinrude ṣe kọ́ tirẹ̀.

Bess, tó ti di ìyàwó rẹ̀, ló ń kọ lẹ́tà, tó ń polówó, tó ń ṣírò owó. Dọ́là 62 ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà. Nígbà tí àárẹ̀ mú Bess, ọkọ rẹ̀ ta ilé iṣẹ́ náà, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní fọwọ́ kan irú òwò náà fún ọdún 5. Mo ka èyí sí ohun tó tóbi jù lọ tó ṣe. Ní 1921 wọ́n padà dé pẹ̀lú Elto, èyí tó ní sìlíńdà 2 tó sì fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó di 1929, àwọn ilé iṣẹ́ náà dàpọ̀, orúkọ Evinrude sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bess kú ní 1933, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1934.

Ní 2020 ni wọ́n dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ Evinrude dúró. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́ lára èyí tó ti gbó, ara òmíràn tó ti kú ni mẹkáníìkì Ìbàfò ń yọ pààrọ̀ rẹ̀.