ÀJÀYÍ CROWTHER ÀTI ÌWÉ ATÚMỌ̀-ÈDÈ LỌ́WỌ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ìfáàrà
Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá, a kò lè fo orúkọ Samuel Àjàyí Crowther dá. Bíṣọ́ọ̀bù àti olùtúmọ̀ Bíbélì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé-ìwé ni kí ó tó di àlùfáà.

Ìgbésí-ayé rẹ̀
Ìlú Òṣoogùn ni wọ́n ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú náà, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú yòókù sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé. Ó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, lẹ́yìn náà ni ó di olùkọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀
Àwọn ọmọ Yorùbá láti ìlú oríṣiríṣi pọ̀ ní Sàró, ẹ̀ka-èdè wọn kò sì dọ́gba. Ní ọdún 1843, tí ó di àlùfáà ní London, ni ìwé atúmọ̀ rẹ̀ jáde. Apá kan lọ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, apá kejì láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, gírámà sì ṣíwájú wọn. Ní ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Láàrin àwọn tí ń fi èdè náà ná ọjà, tí wọ́n ń fi í ṣe ẹjọ́, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti gbòòrò. Ìtẹ̀jáde ọdún 1852 kún ju ti àkọ́kọ́ lọ, òwe sì wà nínú rẹ̀ láti fi ìlò ọ̀rọ̀ hàn.

Ẹ̀kọ́ fún iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́
Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ pé ẹ tẹ̀ lé e, pé gb tẹ̀ lé g, tí ṣ sì tẹ̀ lé s, yóò wá gbogbo títí láàrin àwọn ọ̀rọ̀ g, kò ní í rí i. Ẹni tí kò ka àmì ohùn sí yóò mú igba, igbá àti ìgbà bí ọ̀kan. Bí ó bá rí raṣọ nínú ìwé kíkà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u sí ra àti aṣọ. Lójú, ní àti ojú ni. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ètò álífábẹ́ẹ̀tì, àmì ohùn àti ìpajẹ, kí ó tó ní kí wọ́n ṣí ìwé. Kí wọ́n sì ka àpẹẹrẹ ìlò, kí wọ́n má ṣe dúró lórí ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí ojú wọn bá bá pàdé.

Àgbálọgbábọ̀
Ní ọdún 1864, Crowther di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891. Ọmọ tí wọ́n jí gbé kúrò láàrin àwọn tí ń sọ èdè rẹ̀ ni ó kó èdè náà jọ sínú ìwé. Bí àwọn ọmọ òde òní kò bá mọ bí a ti ń wá ọ̀rọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, inú àpótí ni làálàá rẹ̀ yóò wà.