ARISTOTLE (ARISTU): ẸNI TÍ Ó KỌ́KỌ́ TO ÌMỌ̀ MANTIQ JỌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ni ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lọ́dọọdún, nígbà tí a bá ṣí ìwé Sullam tí Al-Akhdari kọ ní ọdún 941 Hijira (1534) fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìbéèrè kan kì í ṣaláì jáde: ta ni ó kọ́kọ́ mú ìmọ̀ Mantiq wá, ṣé Mùsùlùmí ni? Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé kèfèrí ará Gíríìkì ni, àwọn kan a pa ìwé dé, àwọn kan a máa wo ojú wa. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọmọdé, nítorí àwọn àgbà onímọ̀ ti jiyàn lé e lórí ṣáájú wa. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin náà, ibi tí ó ti ṣe dáadáa àti ibi tí ó ti kùnà.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ní ọdún 384 kí wọ́n tó bí Ànábì Ísá ni wọ́n bí Aristotle ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Stagira, ní àríwá ilẹ̀ Gíríìkì, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Yúnáánì. Nicomachus bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣègùn ọba Makedóníà, ṣùgbọ́n bàbá náà kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ẹbí ni ó sì tọ́ ọ dàgbà.

Nígbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gíríìkì ni ó ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Wọ́n ń bọ òrìṣà púpọ̀, wọ́n sì ń kọ́ ilé òkúta ńláńlá fún wọn. Síbẹ̀, àríyànjiyàn lórí ìmọ̀ gbilẹ̀ láàrin wọn, pàápàá ní ìlú Áténì. Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún Socrates (Suqrat) ní ọdún 399, tí wọ́n ní kí ó mu májèlé, nítorí wọ́n ní kò ka òrìṣà ìlú sí, ó sì ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Plato (Aflatun), ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Socrates, ni ó wá dá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Academy sílẹ̀ níbẹ̀.

OGÚN ỌDÚN NÍ Ẹ̀YÌN OLÙKỌ́

Ọmọ ọdún 17 ni Aristotle nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Plato. Ogún ọdún ni ó lò níbẹ̀, títí Plato fi kú ní ọdún 347. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti ń ka oṣù tí ó kù kí ẹ ṣe wòlímọ̀, ẹ gbọ́ o: ogún ọdún!

Ó fẹ́ràn olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó gbà. Plato gbà pé ohun tí ojú ń rí dà bí òjìji ohun mìíràn tí ojú kò lè rí. Aristotle ní tirẹ̀ gbà pé láti ara ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì bà ni ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kọ èyí sílẹ̀, kò bú olùkọ́ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní òtítọ́ ni ó yẹ kí a fi ṣáájú.

Lẹ́yìn ikú Plato, ó kọjá sí etí òkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Turkey lónìí, ó fẹ́ ìyàwó kan tí ń jẹ́ Pythias, ó sì ń ṣe ìwádìí nípa àwọn ẹranko. Nínú ìwé rẹ̀, ó sọ bí a ti ń fọ́ ẹyin adìyẹ wò láti ọjọ́ dé ọjọ́, àti bí ọkàn ọmọ adìyẹ ṣe ń kọ́kọ́ hàn bí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí ń mì.

Ní ọdún 343, Philip ọba Makedóníà ránṣẹ́ pè é kí ó wá kọ́ Alexander ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Alexander yìí ni Iskandar tí ó ṣẹ́gun Persia àti Egypt, tí ó sì dé India. Àwọn kan a máa sọ pé òun ni Dhul-Qarnayn inú Kùránì. Ibn Kathir ti kìlọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́: onígbàgbọ́ ni Dhul-Qarnayn, abọ̀rìṣà sì ni Iskandar ará Makedóníà.

Aristotle padà sí Áténì ní ọdún 335, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, Lyceum, sílẹ̀. Mashshā'ūn, àwọn tí ń rìn, ni àwọn Lárúbáwá ń pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí wọ́n ní ó máa ń rìn bí ó ti ń kọ́ni.

ÌMỌ̀ MANTIQ

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò mọ bí a ti ń ronú kí ó tó dé. Gẹ́gẹ́ bí àwọn Lárúbáwá ti ń sọ èdè wọn dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé Nahwu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Aristotle ni ó kọ́kọ́ fi òfin ìrònú sílẹ̀ nínú ìwé. Ó fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ méjì bá jẹ́ òtítọ́, tí a sì tò wọ́n bí ó ti yẹ, ọ̀rọ̀ kẹta yóò jáde láti inú wọn láìsí iyèméjì. Bí gbogbo ènìyàn bá máa kú, tí Zayd sì jẹ́ ènìyàn, Zayd yóò kú. Èyí ni qiyās tí a ń kọ́ yín.

IKÚ RẸ̀

Nígbà tí Alexander kú ní ọdún 323, àwọn ará Áténì dìde sí àwọn ará Makedóníà. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Aristotle pé kò bọ̀wọ̀ fún òrìṣà. Ó rántí ohun tí ojú Socrates rí, ó sì kúrò ní ìlú lọ sí Chalcis, níbi tí ó ti kú ní ọdún 322, ní ọmọ ọdún 62. Nínú wàsíyà rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá àwọn kan nínú ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó egungun Pythias wá síbi tí wọ́n bá sin òun sí.

BÍ ÌMỌ̀ RẸ̀ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ ÀWỌN MÙSÙLÙMÍ

Ní ìgbà àwọn Kálífà ìdílé Abbas ní Bàgídádì, pàápàá Al-Ma'mun (813 sí 833), wọ́n ná owó púpọ̀ láti túmọ̀ ìwé àwọn ará Gíríìkì sí Lárúbáwá. Hunayn ibn Ishaq, tí ó jẹ́ Nàsárá, àti ọmọ rẹ̀ Ishaq wà lára àwọn ògbufọ̀ tí ó mọṣẹ́ jù. Àwọn onímọ̀ wá ń pe Aristotle ní Olùkọ́ Àkọ́kọ́, wọ́n sì pe Al-Farabi (ó kú ní 950) ní Olùkọ́ Kejì. Ibn Sina sọ nínú ìtàn ara rẹ̀ pé òun ka ọ̀kan nínú ìwé Aristotle ní ìgbà 40 tí kò sì yé òun, títí òun fi ra ìwé kékeré kan tí Al-Farabi kọ, ní dírámù 3, tí ó là á yé òun.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ Aristotle. Ó ní ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Imam Al-Ghazali (kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn) dìde sí i nínú ìwé Tahāfut ní ọdún 1095, wọ́n ka ọ̀rọ̀ 20 sí àwọn onífálásífà lọ́rùn, wọ́n sì pe 3 nínú wọn ní kèfèrí, tí ọ̀rọ̀ ayé tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ wà lára wọn. Síbẹ̀, Imam kan náà ni ó fi Mantiq ṣe ìṣáájú ìwé wọn Al-Mustasfā. Ibn as-Salah àti An-Nawawi ní haráámù ni. Al-Akhdari sọ èrò méjèèjì, lẹ́yìn náà ó ní èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé ó tọ́ fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé, tí ó sì ti mọ Kùránì àti Sunna dáadáa.

Ibí ni a ti fẹ́ dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lóhùn. Ẹ rántí àpẹẹrẹ tí a máa ń fún yín nínú Mantiq: ayé ń yí padà, gbogbo ohun tí ń yí padà ni ó ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà, ayé ní ìbẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n Aristotle ni àwọn onímọ̀ wa mú, òun náà ni wọ́n fi wọn ọ̀rọ̀ Aristotle, wọ́n sì rí i pé kò pé. Ẹni tí ó rọ ọ̀bẹ lè má jẹ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n a lè fi ọ̀bẹ náà dú ẹran Iléyá. Bí òun náà ti ṣe sí olùkọ́ rẹ̀ ni a ṣe sí i: a mú èyí tí ó jẹ́ òtítọ́, a fi èyí tí kì í ṣe òtítọ́ sílẹ̀, a kò sì bú u.

Nítorí náà, ẹ má pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ Kùránì yín.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó sì fi ìṣọ́ Rẹ̀ ṣọ́ ìgbàgbọ́ wa. Āmīn.