Hubert Ògúndé: Idán Eégún Tí Ó Di Sinimá

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní Àìlégún, ní agbègbè Ọ̀ṣọ́dì òun Ìsọlọ̀, kò tíì dé ilé ayé nígbà tí èrò ń wọ́ tìrítìrí lọ wo sinimá Àiyé ní Gbọ̀ngàn Ìṣeré ní Ìgànmú. Bí ó bá fẹ́ wò ó lónìí, ẹ̀dà tí àwòrán rẹ̀ ti ṣú, tí ohùn rẹ̀ sì ti há, ni ó ṣeé ṣe kí ó bá pàdé. Yóò rí ènìyàn tí ó pòórá lójijì. Yóò mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n dá kámẹ́rà dúró kí òṣèré náà lè kúrò lójú àwòrán. Yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ẹ̀rín nìkan dá iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ kò tíì mọ ibi tí Olóyè Hubert Ògúndé ti gbé idán rẹ̀ wá.

Ní ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Adédèjì Ògúndé ní Òsósà, ìlú kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Jeremiah, bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n abọ̀rìṣà ni bàbá àgbà rẹ̀. Bí orin ìjọ ti wà létí ọmọ náà ni ìlù ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ilé-ìwé, ó bá àwọn eégún alárìnjó ṣeré. Àwọn eégún wọ̀nyí a máa ti ìlú dé ìlú, wọ́n a jó, wọ́n a kọrin, wọ́n a sì pa idán. Ẹni tí ó wọ inú agọ̀ ní ènìyàn a jáde ní erè tàbí ní ọ̀nì. Láìpẹ́ a tún di òyìnbó onímú gbọọrọ, tí gbogbo agbo yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí òǹwòran tí ó ń bèèrè pé kí eégún di ọ̀nì ní tòótọ́ kí òun tó ta á lọ́rẹ. Bí idán náà ti dán tó ni wọ́n ń wò, àti bí ọwọ́ onídán ti yá tó.

Ògúndé ṣe olùkọ́, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọdún 1941. Ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́ta ni ó ní kí ó ṣe eré láti kó owó ilé ìsìn jọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944, wọ́n ṣe eré náà, tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Àwọn èrò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1945 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá. Àwọn tí ó mọ bí owó oṣù ìjọba ti níyì tó láyé ìgbà náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìpinnu kékeré.

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ kò ó lójú ni ti obìnrin. Kò sí òbí kan tí ó fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa jó lórí ìtàgé níwájú ọkùnrin. Alágbe tàbí ọmọ ìsọnù ni wọ́n ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ògúndé dá ọgbọ́n kan: ó kéde pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá. Àwọn ọmọbìnrin wá gba iṣẹ́, láti ìdí ìwé ni wọ́n sì ti bọ́ sórí ìtàgé. Nígbà tí ìjà tún dé láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí àti àwọn ọkọ àfẹ́sọ́nà, ó fi àwọn òṣèré náà ṣe aya. Báyìí ni agbo ilé rẹ̀ ṣe di ẹgbẹ́ òṣèré, tí ìyàwó àti ọmọ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọgbọ́n yìí ṣòro fún ẹlòmíràn lónìí láti gbé mì, kò sì yẹ kí a fi dandan gbé e mì. Ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí orúkọ obìnrin òṣèré kúrò ní orúkọ ẹ̀gàn ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1947 láti kọ́ ijó sí i. Nílé, ìjọba amúnisìn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀: ní ọdún 1946, ọlọ́pàá ti dá a dúró ní Jọ́ọ̀sì nítorí eré tí ó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí òmìnira sì dé, ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1964 nítorí Yorùbá Ronú. Ó fi Òtítọ́ Korò dá wọn lóhùn. Ìgbà tí ológun gba ìjọba ní ọdún 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó dojú kọ sinimá. Òun àti Ọlá Balógun, olùdarí tí ó ti ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976, ni wọ́n jọ gbé Àiyé jáde ní ọdún 1979. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní ọdún 1981, Àròpin N'Tènìyàn ní ọdún 1982, àti Àyànmọ́ ní ọdún 1988. Nínú àwọn méjì àkọ́kọ́, Ògúndé ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó ń gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjẹ́. Níbí ni idán alárìnjó ti padà wá: kámẹ́rà di agọ̀ eégún, ẹni tí ó wọlé ní ọ̀nà kan a sì jáde ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá fi sinimá Amẹ́ríkà díwọ̀n rẹ̀ ti fi òṣùwọ̀n gààrí wọn epo. Bí eré náà ti ń falẹ̀, bí orin àti ijó ti ń dá ìtàn dúró, bí ọfọ̀ ti ń gùn tó, ìlànà ìtàgé tí ó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ni. Ọfọ̀ náà gan-an, àti aṣọ, àti ìlù, ni olùkọ́ àṣà yóò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó tì.

Síbẹ̀, ẹ̀sùn kan wà tí idán kò lè wẹ̀ nù. Nínú Àiyé, agbára abàmì ọwọ́ obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iṣẹ́ kan ju ìparun lọ. Àṣà Yorùbá kò rí i bẹ́ẹ̀ tán. Ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ, wọ́n ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi bọlá fún àwọn ìyá kan náà, kí wọ́n lè fi agbára wọn gbe ìlú. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni orúkọ tí Ògúndé fún akọni rẹ̀. Nínú ìtàn Ifá, Ọ̀ṣẹ́túrá ni ọmọ tí Ọ̀ṣun bí lẹ́yìn tí àwọn òrìṣà ọkùnrin ti fojú tín ín rín, tí gbogbo iṣẹ́ wọn sì dojú rú, títí wọ́n fi padà wá bẹ̀ ẹ́. Orúkọ tí ó ń sọ pé ayé kò lè gún láìsí obìnrin ni ó di orúkọ ẹni tí ó ń ṣẹ́gun obìnrin. Àgbàlagbà obìnrin tí kò ní ọmọ, tí ojú rẹ̀ sì ti pọ́n, ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wu léwu ní àdúgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kíyè sí èyí kò ṣe àfojúdi sí àgbà.

Ẹ̀dà tí ó burú náà ní ìtàn tirẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, onísinimá ni ó ń gbé fíìmù, ẹ̀rọ ìgbéjáde àti jẹnẹrétọ̀ kiri ìlú. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ni èrè rẹ̀. Nígbà tí àwọn olè ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru, tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gbé jáde ní ọdún 1982, sórí fídíò, gbèsè ni ó kù fún ẹni tí ó ni ín. Ògúndé rí èyí, kò sì yára fi fíìmù rẹ̀ lé ọlọ́jà fídíò lọ́wọ́. Ohun tí ó fi ṣọ́ owó rẹ̀ ni ó fi ìran tí ó ń bọ̀ sí òkùnkùn.

Ní òpin ayé rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ pè é láti kó Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-èdè jọ. Ó tún gbà láti kópa nínú Mister Johnson, sinimá Bruce Beresford, ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ jẹ́ ọ̀gá lórí eré tirẹ̀ tí ó wá ń gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1990, ó kú ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé e padà wá sí Òsósà, wọ́n sì sin ín sí ìlú tí ó ti kọ́kọ́ ṣe ọmọ ilé-ìwé tí ń tẹ̀ lé alárìnjó.