Rudolf Diesel, Ẹni Tó Ni Orúkọ Dísù

Tí ẹ bá dé ilé epo ní Berlin, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ Diesel sára ẹ̀rọ. Tí ẹ bá dé Èkó, ẹ máa gbọ́ tí àwọn awakọ̀ ń sọ pé dísù ti wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orúkọ epo lásán ni. Orúkọ èèyàn ni o! Ọkùnrin kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ní Berlin níbí, ibí náà ló sì wà nígbà tó kọ ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1858 ni wọ́n bí Rudolf Diesel. Jámánì kọ́ ni wọ́n bí i sí, Paris ni, nílẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ọmọ Jámánì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Theodor ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, ará Augsburg ni, iṣẹ́ awọ ló sì ń ṣe. Elise ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, ará Nuremberg. Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? Ìlú tí òbí rẹ̀ ti wá yàtọ̀ sí ìlú tí wọ́n bí i sí, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa ní kíláàsì yìí. Rudolf máa ń fi ọmọlanke kó ọjà bàbá rẹ̀ lọ fún àwọn oníbàárà. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á lọ sí ilé kan ní Paris tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sí, á máa wò wọ́n.

Ní ọdún 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti àwọn ará Jámánì. Àwọn ọmọ Jámánì tó wà ní Paris ní láti kó ẹrù wọn kúrò. Ìdílé Diesel lọ sí London, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn. Rudolf jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà yẹn, ọdún kan péré ló fi jù mí lọ. Àwọn òbí rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí Augsburg, sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí wọn kan tó ń jẹ́ Christoph Barnickel, olùkọ́ ìṣirò, kó lè gbọ́ èdè Jámánì dáadáa, kó sì máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Mọ́mì mi ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí nílé. Èmi rò ó pé ó máa sunkún lóru ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó mójú tó ìwé rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 14, ó kọ lẹ́tà sí àwọn òbí rẹ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ lòun fẹ́ ṣe. Òun náà ló gba ipò kìíní nígbà tó jáde ilé ìwé yẹn ní 1873.

Lẹ́yìn náà, ó rí owó ìrànwọ́ gbà, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Munich. Carl von Linde wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. Linde kọ́ wọn nípa ẹ́ńjìnnì tó ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì olóru omi ló ń fa rélùwéè, òun náà ló ń yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńláńlá. Àmọ́ ó ń fi nǹkan ṣòfò gan-an! Ká fi owó òde òní ṣe àpẹẹrẹ: tí ẹ bá da èédú 100 yúrò sí i, iṣẹ́ tí ẹ máa rí gbà níbẹ̀ ò ní ju ti yúrò 10 lọ. Gbogbo ìyókù á kàn di ooru, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn Rudolf mọ́. Àìsàn táífọ́ọ̀dì dá a dúró ní 1879, kò lè ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá ṣe é ní oṣù kìíní ọdún 1880, ó sì yege pẹ̀lú máàkì tó ga gan-an.

Linde ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù. Ó gba Rudolf síṣẹ́, ó sì ní kó padà sí Paris. Ibẹ̀ ni Rudolf ti pàdé Martha Flasche. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1883, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Ní 1890, òun, ìyàwó àti àwọn ọmọ kó wá sí Berlin, torí ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ní kó ti máa ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìnyín ni wọ́n ń sanwó fún, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń rò. Tí ẹ bá ń fi páńpù fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ yín, ẹ fọwọ́ kan ìdí páńpù náà. Ó ti gbóná, àbí? Tí a bá fún atẹ́gùn pọ̀ síbi tóóró, ó máa ń gbóná. Rudolf ní tí a bá fún un pọ̀ gan-an gan-an, á gbóná débi pé tí a bá ta epo sí i, epo náà á gbiná fúnra rẹ̀. Kò ní nílò púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti mọ́tò oní-pẹtiróòlù.

Ní oṣù kejì ọdún 1892, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìjọba ní Berlin. Wọ́n sì fún un ní ìwé tó sọ pé òun ló ni ín, nọ́ńbà ìwé náà ni 67207. Ní 1893, wọ́n tẹ ìwé tó kọ nípa ẹ́ńjìnnì náà jáde ní Berlin. Orúkọ ìwé yẹn gùn bí ojú irin! Ó sọ níbẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì òun máa gba ipò ẹ́ńjìnnì olóru omi àti àwọn yòókù tí ayé ń lò. Ọ̀rọ̀ Ersatz wà lára orúkọ ìwé náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹkáníìkì níbí ń lò fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá fi rọ́pò èyí tó ti kú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú èrò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì olóru omi tóbi, ó sì wọ́n, àwọn olówó nìkan ló lè rà á. Rudolf fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì òun kéré, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké náà lè ní tiwọn, kí ilé iṣẹ́ ńlá má bàa gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n kíkọ ọ́ sínú ìwé yàtọ̀ sí ṣíṣe é. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Augsburg gbà láti bá a kọ́ ọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1893, wọ́n dán an wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Epo gbiná lóòótọ́, àmọ́ agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé irinṣẹ́ ìwọ̀n tó wà lórí ẹ́ńjìnnì bú gbàmù! Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n tún un tò. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1894, ẹ́ńjìnnì náà dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan péré! Wọ́n tún padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta mìíràn. Àwọn àgbà wa ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1897, ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter wá wọn agbára rẹ̀. Nínú gbogbo ooru tó wà nínú epo tí wọ́n dà sí i, ó sọ ìdá 26 nínú 100 di iṣẹ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan láyé tó tó o nígbà yẹn. Ó wà lọ́wọ́ Deutsches Museum ní Munich, ó ga tó mítà mẹ́ta.

Ní 1900, ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní Paris, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì Diesel kan lọ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o: òróró ẹ̀pà ni wọ́n dà sí i, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa! Ìjọba Faransé ló fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó wà ní Áfíríkà lè lo ohun tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ wọn.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì Diesel ṣe wọ ilé iṣẹ́, tó sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní 1912, àwọn ará Denmark gbé ọkọ̀ òkun Selandia jáde, dísù ló sì ń lò. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Hamburg-Amerika ra ọkọ̀ tó jẹ́ ìkejì rẹ̀.

Ẹ máa rò pé ayé ti dẹrùn fún Rudolf. Rárá o. Ó di olówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń bá a jà pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ ronú nǹkan náà. Iṣẹ́ àṣejù dá àìsàn sí i lára. Ó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀, ó kó o sí òwò mìíràn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ṣègbé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Dresden láti Antwerp lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jẹun alẹ́, ó wọ yàrá rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, wọn ò rí i mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́wàá, wọ́n rí òkú rẹ̀ lójú òkun. Ọmọ ọdún 55 ni. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á, torí kò rí ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wọ inú mọ́tò.

Kí nìdí tí kò fi tètè wọ mọ́tò? Ó ti tóbi jù, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ epo sínú rẹ̀ náà sì wúwo. Ní 1927, ilé iṣẹ́ Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ta páńpù kékeré kan tó lè ta dísù sínú ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n tó yẹ. Ní oṣù kejì ọdún 1936, wọ́n pàtẹ mọ́tò Mercedes 260 D ní Berlin. Ó wà lára àwọn mọ́tò ilé àkọ́kọ́ tó ń lo dísù. Àwọn onítakisí fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í mu epo púpọ̀.

Èmi náà ti fojú ara mi rí ẹ́ńjìnnì dísù. Ẹ̀gbọ́n dádì mi, tí a ń pè ní Bàbá Hamburg, mẹkáníìkì ni wọ́n. Nígbà họlidé, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n sì jẹ́ kí n dúró wò. Wọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì, wọ́n fa omi rédíétọ̀ àti ọ́ìlì jáde. Wọ́n yọ wáyà àti páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń lẹ bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa gbàgbé ibi tó ti kúrò. Wọ́n tú bóòtù tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, wọ́n fi ṣéènì gbé èyí tó ti kú jáde, wọ́n sì rọra sọ èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dè é tán, wọn ò tíì sítáàtì rẹ̀ o. Wọ́n kọ́kọ́ lé atẹ́gùn jáde nínú páìpù dísù. Wọ́n ní tí atẹ́gùn bá wà níbẹ̀, dísù ò ní dé inú ẹ́ńjìnnì, kò sì ní dá wọn lóhùn. Wọ́n tún sọ fún mi pé irú ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ náà ní tẹ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sí i. Tó bá jẹ́ irú mìíràn ni, àwọn TÜV gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ kó tó lè jáde sí títì. Nígbà tó dún, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Èéfín dísù ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018, Hamburg di ìlú àkọ́kọ́ ní Jámánì tó ní kí àwọn ọkọ̀ dísù àtijọ́ má gba apá kan Max-Brauer-Allee mọ́, kí àwọn ọkọ̀ ẹrù àtijọ́ má sì gba apá kan Stresemannstraße. Wọ́n mú òfin náà kúrò ní 2023. Ní báyìí, bọ́ọ̀sì oníbátìrì ń rọ́pò ti dísù ní Berlin àti ní Hamburg. Ẹ́ńjìnnì tó wá gba ipò òmíràn, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa gba ipò tiẹ̀ náà.

Síbẹ̀, mi ò rò pé iṣẹ́ Rudolf já sásán. Ìyá àgbà mi ń gbé ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tí a lọ kí wọn, mo bá wọn gbé ẹ̀gẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń bá àwọn ará àdúgbò lọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí. Ẹ́ńjìnnì dísù kan ṣoṣo ló ní, ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì ti gbó. Òun ló fi ń sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Irú oníṣẹ́ kékeré tí Rudolf ń rò nígbà tó wà ní Berlin nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí yín bóyá irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò tiwọn náà, kí ẹ wá sọ fún wa ní ọjọ́ Sátidé.

Ó dàbọ̀ o.