Ìtàn Ìgbésí Ayé Arthur Wharton, Ọmọ Akra

Bí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ni Arthur Wharton, ó tọ́ kí a kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún Ìjọ wa yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládùúgbò wa tí ń pẹja lórí ọ̀sà Makoko jẹ́ Ẹ̀gùn, tí ìran wọn ṣí wá láti ìhà Àgbádárìgì. Ní Àgbádárìgì kan náà ni Alúfàá Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Wesley gúnlẹ̀ sí ní oṣù September 1842, ṣáájú kí Henry Townsend ti C.M.S. tó dé ní oṣù December. Láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni Freeman ti wá. Nínú iṣẹ́ Míṣọ́n Gold Coast náà sì ni Alúfàá Henry Wharton, bàbá Arthur, ti jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ilé àwọn tí ó mú Ìyìn Rere wá bá wa ni ẹni tí à ń wí.

Ní ọjọ́ 28 oṣù October 1865 ni a bí i ní Jamestown, ní ìlú Akra. Ọmọ erékùṣù Grenada ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Annie Florence Egyriba, jẹ́ ìbátan ìdílé ọba àwọn Fanti. Ọmọkùnrin tí a bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ipa ọ̀nà bàbá rẹ̀ ni a máa ń là sílẹ̀ fún un. A rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ Cleveland College ní Darlington ní 1884, kí ó bàa lè di míṣọ́nnárì.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ náà yá ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní oṣù July 1886, ní Stamford Bridge ní London, ó sá 100 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 10 géérégé, ó sì gba oyè eléré ìje tí ó yára jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tí ì sí ẹni tí ó sá a bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje náà rí. Ní 1887 ó tún gba oyè náà. Kí òǹkàwé rántí irú ìgbà tí à ń sọ. Kò tí ì pé ọdún méjì tí ìpàdé Berlin parí, níbi tí àwọn ìjọba Yúróòpù ti fi ìlànà pípín ilẹ̀ Áfíríkà lélẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú rẹlẹ̀ sí ti funfun. Ọmọ Akra kan dá wọn lóhùn láìla ẹnu.

Kò di míṣọ́nnárì mọ́. Àwọn àgbà Ìjọ kan yóò wí pé ó kọ ìpè. Èmi kò lè dá a lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìpè tí àwọn ẹlòmíràn gbọ́ fún ọmọ, tí ọmọ kò gbọ́ fúnra rẹ̀, ẹrù wíwúwo ni. Síbẹ̀ àdánù ni fún ilẹ̀ Fanti.

Aṣọ́lé ni ó jẹ́ nínú bọ́ọ̀lù. Òfin ayé ìgbà náà fi àyè gba aṣọ́lé láti fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù jìnnà sí ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àyè gba àwọn alátakò pẹ̀lú láti fi èjìká bì í ṣubú, àní bí bọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀. Wharton a máa fi ìkúùkù gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà réré. Òǹwòran kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Sheffield ní 1942 pé òun rí i tí ó fò dì mọ́ igi òkè ilé, tí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù, tí àwọn mẹ́ta tí ń sáré bọ̀ wá gbá a sì já lulẹ̀ sínú àwọ̀n. Mo ti ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì tí ì tán lẹ́nu mi.

Láti Darlington ni Preston North End ti mú un ní 1886, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdíje àṣekágbá fún Ife F.A. ní 1887. Ó fi wọ́n sílẹ̀ láti máa sáré gba owó ní Sheffield. Ní 1889 Preston gba Líìgì àkọ́kọ́ àti Ife pọ̀, Wharton kò sì sí níbẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni Rotherham Town gbà á síṣẹ́, òun sì ni a mọ̀ sí ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Sheffield United gbà á ní 1894. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní ìpele gíga jùlọ pẹ̀lú Sunderland ní 1895, ṣùgbọ́n William Foulke, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn nì, ni wọ́n fẹ́ jù. Lẹ́yìn èyí ó ń ti ẹgbẹ́ kékeré kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Stockport ní 1902.

Ní 1893 ó ti kọ̀wé béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ní Gold Coast, wọn kò gbà á. Ó ta ọtí ní Rotherham, a sì wí pé ọtí náà di okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ní ìgbẹ̀yìn ó ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà èédú ní Edlington, níbi tí ó kú sí ní oṣù December 1930 láìní owó lọ́wọ́. Wọ́n sin ín sí ibojì tí kò ní àmì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di 1997, tí àwọn kan dá owó jọ, tí wọ́n fi òkúta sí i lórí. Ní 2014 a gbé ère rẹ̀ ró ní St. George's Park, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbára dì. Ó fò sókè, ó na ọwọ́, ó ń ti bọ́ọ̀lù kọjá lórí igi ilé.