István Örkény: ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín

Ní ọdún 1969, fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan jáde ní orílẹ̀-èdè Húngárì. Zoltán Fábri ló darí rẹ̀, ṣùgbọ́n István Örkény ló ni ìtàn inú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìgbésí ayé ọkùnrin yìí yóò mọ̀ pé ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀rín lásán.

Ìlú Budapest ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1912. Apòògùn ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ oògùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé ó jẹ́ ọmọ Júù, wọn kò fún un ní ìbọn. Iṣẹ́ àṣekára ni wọ́n kó o lọ ṣe lójú ogun, lẹ́bàá odò Don ní Rọ́ṣíà. Wọ́n ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Húngárì níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1943, wọ́n sì mú Örkény ní ìgbèkùn. Ọdún 1946 ló tó padà sílé.

Nígbà tí àwọn ará Húngárì dìde sí ìjọba ní ọdún 1956, ó wà lára àwọn òǹkọ̀wé tó tì wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba borí, wọn kò jẹ́ kó tẹ ìwé jáde mọ́. Ó padà sídìí oògùn: láti ọdún 1958 dé 1963, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ló ti ń jẹun.

Lẹ́yìn náà ló kọ ìtàn ìdílé Tót. Tót ni olórí panápaná ní abúlé kékeré kan. Ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun, ọ̀gá ọmọ náà sì wá sinmi nílé wọn. Bàbá àti ìyá rò pé bí àwọn bá tẹ́ àlejò náà lọ́rùn, yóò dáàbò bo ọmọ àwọn. Àlejò kì í sùn lóru; gbogbo ilé ní láti máa bá a fi páálí ṣe àpótí. Ó ní Tót ń wo ẹ̀yìn òun, ni Tót bá fa akoto rẹ̀ bo ojú. Wọn kò mọ̀ pé ọmọ ti kú, nítorí apínlẹ́tà abúlé, tó fẹ́ràn wọn, ti fi ìròyìn náà pamọ́. Nígbà tí ọ̀gá lọ tó tún padà dé, ara Tót kò gbà á mọ́: ohun tí wọ́n fi ń gé páálí ló fi pa á.

Wọ́n ṣe é ní eré orí ìtàgé ní ọdún 1967. Ní ọdún 1973, Örkény gba ẹ̀bùn Kossuth, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀bùn tó ga jù ní Húngárì. Ó kú ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1979, ní ẹni ọdún 67. Ìbéèrè rẹ̀ kò kú: ibo ni ó yẹ kí òbí tẹ̀ ba dé níwájú alágbára nítorí ọmọ?